Ilé Tollef àti Àwọn Ọlọ́gbọ́n Oníṣọ́ọ̀kì

                                        Oko Haugerud,
                                        Solum Prairie,
                                        Minnesota.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá, ọdún 1987.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Lavonne,

Báwo ni ara rẹ? Orúnkún Duane ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń gbé e dé ẹnu ọ̀nà láìmú ọ̀pá? Ọmọ ọmọ yín tó ń yọ eyín nígbà tí o kọ̀wé gbẹ̀yìn, ṣé ó ti ń jẹ́ kí ẹ sùn? Ṣé tẹlifíṣọ̀n yín ṣì wà lórí àpótí aláwọ̀ búlúù yẹn? Mo mọ̀ pé oòrùn Arizona ń yá yín lára lọ́fẹ̀ẹ́. Àwa náà dúpẹ́ níbí. Àgbàdo ti kúrò lóko, yìnyín kò tíì bọ́, ẹ̀yìn ń dùn mí, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Bàbá Orlin, ẹ̀gbọ́n àwọn bàbá wa, pé ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún lóṣù tó kọjá. Ó ní kí n kí ọ. Kí n má parọ́, kò sọ bẹ́ẹ̀. Mo dárúkọ rẹ, ó mi orí, mo sì kà á sí ìkíni.

Ọ̀rọ̀ ilé Tollef ni mo fẹ́ bá ọ sọ. O rántí ilé náà, èyí tí bàbá bàbá àwọn bàbá wa fi ìtì igi óákù kọ́ nígbà tó dé láti Nọ́ọ̀wè. Ilé adìẹ la mọ̀ ọ́n sí nígbà èwe wa, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ni wọ́n bí Bàbá Orlin sí. Ẹni tó ra oko tí ilé náà wà fẹ́ fi katakata wó o kó lè gbin nǹkan síbẹ̀. Ni Bàbá bá fi ilé náà ta ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà nílùú lọ́rẹ, pé kí wọ́n tú u, kí wọ́n sì lọ tún un tò síbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló bèèrè. Ó ní, "Mo fẹ́ rí i kó dúró kí n tó lọ." Lavonne, láti ọjọ́ tí mo ti mọ ọkùnrin yẹn, mi ò gbọ́ kó ní òun fẹ́ nǹkan kan rí, àfi kọfí.

Ta ni wọ́n wá fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́? Gaylord Rustad. Ọgbọ̀n ọdún gbáko ló fi ń ta ìwé adójútòfò. Àmọ́ láti ìgbà tó ti lo ọjọ́ mẹ́sàn-án ní Nọ́ọ̀wè pẹ̀lú àwọn arìnrìn-àjò afẹ́, òun ló ń kọ́ gbogbo wa bí a ṣe ń jẹ́ ara wa. Kó tó fọwọ́ kan igi kan, ó ti ya àwòrán ọkùnrin tó dé akoto oníwo, bíi ti àwọn jagunjagun Nọ́ọ̀wè ayé àtijọ́, sára pátákó, ó kọ "Ilé Tollef" sábẹ́ rẹ̀. Tollef tó jẹ́ pé fìlà onírun ló dé títí tó fi kú, tó sì jẹ́ pé màlúù rẹ̀ nìkan ló níwo nínú agbo ilé yẹn. Rustad tún ní òun fẹ́ fi orí dírágónì sí ṣóńṣó òrùlé. Ìyàwó pásítọ̀ ló rọra sọ fún un pé ó lè dẹ́rù ba àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi.

Oṣù kẹfà ni wọ́n tú u. Nígbà tí wọ́n yọ pákó tó bo ìta, tí àwọn ìtì igi náà yọjú, mo sunkún díẹ̀. Wọ́n pé mẹ́rìnlélógójì, gbogbo wọn ló sì jẹ́ ọwọ́ àáké ẹnì kan. O mọ̀ pé wọ́n gbọ́dọ̀ kọ nọ́ńbà sára irú igi bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó tú u, nítorí bí igi kan bá ṣi àyè, ilé kò ní í wọ ara rẹ̀ mọ́. Rustad kọ nọ́ńbà lóòótọ́. Ṣọ́ọ̀kì ló fi kọ ọ́, Lavonne. Ṣọ́ọ̀kì búlúù. Ìta nìkan ló sì kọ ọ́ sí, torí kò fẹ́ kí ìgbẹ́ adìẹ kan bàtà òun.

Wọ́n kó igi sórí ọkọ̀ akẹ́rù, wọn ò fi tapólì bò ó. Òjò ti ṣú dúdú níwọ̀ oòrùn. Àwa ará ìjọ tó ogún níbẹ̀, àgbẹ̀ ni gbogbo wa, a sì mọ òjò tó ń bọ̀ ju bí a ṣe mọ orúkọ àwọn ọmọ wa lọ. Ẹnì kankan kò sọ̀rọ̀. O mọ̀ wá: ẹni tí a kò bi tó ń sọ fún ẹlòmíràn bí yóò ṣe ṣiṣẹ́ rẹ̀, agbéraga la máa ń pè é títí tí a ó fi sin ín. Myrtle Kvam tó dúró tì mí wo ojú ọ̀run, ó wò mí. Mo bi í bóyá ó tún fẹ́ nínú kéèkì tí mo ń pín. Ó ní rárá, mo tún fi lọ̀ ọ́, ó ní rárá, mo fi lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta gẹ́gẹ́ bí àṣà wa, ó gbà. Ọkọ̀ náà kò tíì dé ìlú tí òjò fi dé. Nígbà tí wọ́n máa já igi sílẹ̀, ara wọn mọ́ tónítóní bí abọ́ ọjọ́ ìsinmi.

Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni ilé Tollef fi wà ní òkìtì nínú koríko. Rustad ní kò sí wàhálà, òun ya fọ́tò. Òótọ́ ni, ó yà á. Òun fúnra rẹ̀ ló wà nínú gbogbo wọn, ikùn rẹ̀ sì bo ògiri. Wọ́n tò ó dé ìpele karùn-ún, ojú fèrèsé kan bọ́ sí ibi tó yẹ kí ilẹ̀kùn wà, àlàfo àárín igi sì gba ọwọ́ mi dé ìgbọ̀nwọ́. Wọ́n tú u. Wọ́n tún tò ó, wọ́n tún tú u. Gbogbo ọjọ́rú ni mo ń fi ọkọ̀ gbé Bàbá lọ síbẹ̀. Yóò jókòó sórí àga rẹ̀, yóò mu kọfí, yóò máa wò wọ́n. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Tiwa wà lọ́jà, orí ọmọ wọ́, ó ní kí n bu kọfí sí i.

Ní ìparí oṣù kẹjọ ni Rustad pe ìpàdé sínú yàrá abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní ó jọ pé Tollef kò fi bẹ́ẹ̀ mọ iṣẹ́ káfíńtà, pé igi rẹ̀ kò dọ́gba. Ó ní kí a fi àwọn tó dára níbẹ̀ ṣe ẹnu ọ̀nà àbáwọlé ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, kí a sì dáná sun ìyókù. Mo wo Bàbá. Ó ti gbé ife kọfí dé ẹnu, ó sì dá a dúró níbẹ̀. Ìbínú ru sókè nínú mi, mo dìde níwájú gbogbo ìjọ, ohun tí mi ò ṣe rí.

Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ mọ bí igi yìí ṣe tò?"

Ó ní, "Mo mọ̀ ọ́n."

"Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá lẹ ti ń jókòó tì wọ́n. Kí ló dé tẹ́ ò sọ?"

Ó gbé ife sílẹ̀. Ó ní, "Ta ló bi mí?"

Myrtle ní, "Wọ́n ti bi yín báyìí, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ ká lè relé."

A tẹ̀ lé e lọ síbi òkìtì náà. Ó ní kí wọ́n yí igi kan padà, ó fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà funfun àti ìgbẹ́ adìẹ kúrò ní apá inú, létí igun, ó sì mú ìka Rustad fúnra rẹ̀, ó fi lé e. Àmì wà níbẹ̀. Ẹnu àáké ni Tollef fi gé e: ìlà mẹ́ta, àlàfo, ìlà méje. Ògiri kẹta, igi keje. Gbogbo mẹ́rìnlélógójì ló ní tirẹ̀. Etí odò ni Tollef kọ́kọ́ kọ́ ilé náà sí. Nígbà tí omi wọlé bá wọn lórí ibùsùn, ó tú u nígbà òtútù, ó fi akọ màlúù wọ́ ọ gba orí yìnyín gun òkè. Ilé náà ti kó lọ síbòmíràn rí kí wọ́n tó bí bàbá Rustad. Bàbá Orlin ní ẹ̀gbẹ́ àmì yẹn ni ibùsùn òun wà nígbà tí òun wà lọ́mọdé, òun a máa fi ọwọ́ kà á títí oorun á fi gbé òun lọ. Ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, Rustad gun àkàbà, kò rí i.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi tò ó tán. Ilẹ̀kùn kọjú sí gúúsù, ọ̀bẹ kò gba àárín igi méjì. Ọjọ́ ìsinmi tó kọjá ni wọ́n ṣí i. Rustad sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n lórí ètò tó gún régé tí òun ṣe. Orúkọ rẹ̀ lára pátákó idẹ tóbi ju ti Tollef lọ. Nígbà tí wọ́n ní kí Bàbá sọ̀rọ̀, ó dìde, ó wo ilé náà pẹ́, ó ní, "Kò burú." Ó jókòó. Mi ò gbọ́ kó yin nǹkan tó bẹ́ẹ̀ rí; àwọn ìyá méjì ń nu omijé lẹ́yìn mi.

Lẹ́yìn náà ó wọlé lọ, mo tẹ̀ lé e. Ó lọ dúró ní ìdí fèrèsé, ó ń wo ilẹ̀ tó ṣófo lábẹ́ rẹ̀. O mọ ohun tó máa ń wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àpótí tí Tollef gbé la òkun kọjá, aláwọ̀ búlúù, tí òdòdó àti orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀, èyí tí ìyá àgbà fún ìyá rẹ. Bàbá ń wo ilẹ̀, èmi náà ń wo ilẹ̀. Ó ní kọfí òun á ti tutù. A jáde.

Mo ti fi Rustad rẹ́rìn-ín láti òkè ìwé yìí dé ìsàlẹ̀, inú mi sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ń pín kéèkì nígbà tí òjò ń ṣú. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo sì ti ń kọ̀wé sí ọ ní gbogbo Kérésìmesì nípa ojú ọjọ́, mi ò dárúkọ àpótí yẹn lẹ́ẹ̀kan. Mo lè sọ pé ó yẹ kí o ti mọ̀. Ìwọ náà lè sọ pé ta ló bi ọ́. Ó dára. Mo bi ọ́ báyìí, Lavonne: jọ̀wọ́, ṣé wàá jẹ́ kí àpótí Tollef padà wálé kí Bàbá tó lọ? Bí o bá fẹ́ kọ̀, fi ẹnu kọ̀. Má kàn mi orí.

Bá mi kí Duane, kí o fọwọ́ kan eyín ọmọ náà fún mi. Myrtle kí ọ. Bàbá kò mọ̀ pé mo kọ ìwé yìí; kò bi mí.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó ti la ẹnu,

Ardis.