Agbẹjọ́rò Tó Ń Jókòó Lórí Bẹ́ẹ̀dì Ọmọ Ọlọ́mọ

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 1949, nínú yàrá tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, ni wọ́n bí ìyá wa. Aránṣọ ni bàbá wọn, tíṣà ni ìyá wọn: ọmọ abẹ́rẹ́ tí í rán yíya, ọmọ ṣọ́ọ̀kì tí í la ojú òpè. Orí tábìlì tí wọ́n ti ń gé aṣọ ni wọ́n ti kọ́ ìwé kíkà, lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀, kí wọ́n tó mọ ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ rárá.

Ọdún 1973 ni wọ́n di agbẹjọ́rò, ẹjọ́ tọkọtaya àti ọmọ ni wọ́n sì yàn láàyò. Ní 1975, wọ́n ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú bàbá wa, ẹni tó ń tún aago ṣe. Aago kún ara ògiri ilé wa, síbẹ̀ ìyá wa kì í tètè ti ibi iṣẹ́ dé.

Ní 1979, wọ́n gba ẹjọ́ bàbá kan rò, kí ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún méje, lè máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìwé sọ pé yàrá ọmọ wà nílẹ̀. Wọ́n jàre. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, wọ́n mú ìwé kan lọ sílé bàbá náà lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ni wọ́n bá bá ọmọ náà tó sùn sórí àga méjì tí wọ́n tò pọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Páálí bàtà tí bàbá rẹ̀ ń tà ló kún yàrá rẹ̀ dé àjà. Ọmọ náà lajú, ó ní, "Ẹ káàsán, mà. Ṣé ẹ wá mú mi lọ ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ wọ́n lákínyẹmí ara. Wọ́n kọjú sí bàbá ọmọ náà, oníbàárà wọn: "Kí páálí wọ̀nyí jáde kí èmi náà tó jáde." Wọ́n jókòó síbẹ̀ títí yàrá fi ṣófo. Láti ọjọ́ náà, wọn kì í bá ẹnikẹ́ni gba ọmọ ní kóòtù, àfi tí àwọn fúnra wọn bá ti jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì tí ọmọ náà yóò sùn sí.

Àwọn ẹgbẹ́ wọn nínú iṣẹ́ sọ wọ́n ní Lọ́yà Oníbẹ́ẹ̀dì. "Lọ́yà Oníbẹ́ẹ̀dì, ṣé ẹ ti wo tìmùtìmù tòní?" Ìyá wa á rẹ́rìn-ín: "Mo ti wò ó. Ti oníbàárà tiyín ńkọ́?"

Ọdún méjìlélógún ni wọ́n fi kọ́ kíláàsì Bíbélì àwọn obìnrin. Lẹ́yìn ìsìn, wọn a jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, kí ẹni tí ilé rẹ̀ ń dàrú lè rí agbẹjọ́rò bá sọ̀rọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní 2021, àìsàn ti ń bá wọn jà nígbà tí ẹjọ́ ìkẹyìn gbé wọn dé ilé alájà mẹ́rin. Àbíkẹ́yìn wa bẹ̀ wọ́n: "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n lọ ya fọ́tò bẹ́ẹ̀dì náà wá."

"Ìwé ti tàn mí rí. Mú ọwọ́ mi dání."

Wákàtí kan gbáko ni wọ́n fi gun àtẹ̀gùn náà. Ọmọkùnrin méjì, bẹ́ẹ̀dì kan tí kò gbà ju ẹnì kan lọ. Wọn ò sọ̀kalẹ̀ títí ìyá àwọn ọmọ náà, tí wọ́n ń gba ẹjọ́ rẹ̀ rò, fi pe káfíńtà lórí fóònù. Bẹ́ẹ̀dì kejì dé kí adájọ́ tó dájọ́.

Nígbà tí dókítà ní kí a gbé wọn wá sí ọsibítù lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àkọ́bí wa ló kọ́kọ́ lọ, ó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì wọn, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, àárín rẹ̀ ti rì. Ẹ bá wa pààrọ̀ rẹ̀." Nígbà tí ìyá wa gbọ́, wọ́n ní, "Ẹ ti mọ iṣẹ́ náà." Orí èyí tí a pààrọ̀ ni wọ́n ti dákẹ́, ní ọjọ́ kẹrin oṣù kọkànlá ọdún 2022.

Wọ́n fi ọkọ, ọmọ mẹ́ta àti ọmọ-ọmọ méje sáyé. Gbogbo wa ni a ní ibùsùn tó dára.

Ìyá wa, Ọlọ́run tí kì í fi ìwé lásán tan ọmọ Rẹ̀ ti tẹ́ ibùsùn tiyín sílẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ sùn o.