Ẹ Jẹ́ Kí Màmá Dá Dìde

                                                  Yàrá ìdáná Màmá,
                                                  Sátidé kejì, oṣù Kẹwàá.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Báwo ni ara? Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń jà lórí ẹni tó máa jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé? Bàbá wọn ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n ti ń rọlẹ̀? Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á, ẹ̀ẹ̀kan torí pé ó dùn mọ́ mi, ẹ̀ẹ̀kejì torí pé ìkọ̀wé rẹ kò tíì dára sí i láti ìgbà tí a ti wà ní kíláàsì. Àwa náà wà níbí, a ò lè ṣàìdúpẹ́. Màmá ní kí n kí ẹ, wọ́n ní kí o máa jẹun dáadáa.

O ní Bàbá rẹ ṣubú, pé o fẹ́ lọ mú wọn wá sọ́dọ̀ rẹ, àmọ́ àwọn ilé ìwòsàn ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn kan tó máa ń wá bá àgbàlagbà nílé, tí wọn kì í ṣe dókítà, tí wọn kì í sì í ṣe nọ́ọ̀sì. O ní kí ni wọ́n wá ń ṣe gan-an. Ọ̀rẹ́ mi, o bi ẹni tó yẹ kí o bi. Fìdí kalẹ̀ dáadáa.

Lẹ́yìn tí Màmá ṣubú ní bálùwẹ̀ tí wọ́n sì dé láti ilé ìwòsàn, ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n rán sí wa ni ọkùnrin kan tó mú téèpù dání. Ó wọn gíga bẹ́ẹ̀dì, ó wọn àga, ó wọn ẹnu ọ̀nà tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ó wá yíjú sí Màmá, ó ń wò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀. Màmá ní kó jọ̀ọ́, igi tó dáa ni kó lò. Ó ní igi kí ni? Wọ́n ní igi pósí, àbí kí ló ń wọn? Ọkùnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ju téèpù sílẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kó wo bí àgbàlagbà ṣe ń wẹ̀, bó ṣe ń wọṣọ, bó ṣe ń se oúnjẹ, kó wá tún ilé ṣe kó lè bá ara ẹni náà mu. Ó gbé bẹ́ẹ̀dì sókè díẹ̀, ó kan irin ìdìmú mọ́ ògiri tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ó sì ní kí a ká kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀ kúrò. Láti ọjọ́ náà, Káfíńtà ni à ń pè é.

Ta ló ra kápẹ́ẹ̀tì? Alága ni. O rántí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ẹni tó máa ń ṣe alága ìpàdé tí ẹnikẹ́ni kò pè. Lójú rẹ̀, “ẹ” àti “wọ́n” ni mo ń lò fún un, mo sì ń kúnlẹ̀ kí i. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tèmi nìyí, jẹ́ kí orúnkún mi sinmi. Alága bínú lórí kápẹ́ẹ̀tì yẹn bíi pé awọ ara rẹ̀ ni wọ́n bó.

Ẹni kejì tó wá ni a sọ ní Tísà. Ọ̀dọ́bìnrin ni, bàtà rẹ̀ máa ń dún fìn-ín-fìn-ín, ohùn rẹ̀ sì dà bíi ti ẹni tó ń to ọmọ iléèwé sórí ìlà. Iṣan àti eegun ni iṣẹ́ tirẹ̀, kí èèyàn lè tún dìde kó sì rìn. Á dúró níwájú Màmá, á fọwọ́ sẹ́yìn, á ní, “Ẹ sún síwájú lórí àga. Ẹ fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ tẹ̀ síwájú. Ó yá.” Kò ní nawọ́ sí wọn rárá. Màmá á máa làágùn, itan wọn á máa gbọ̀n.

O mọ ilé wa. Nílé wa, bí Màmá bá ti gbé ìdí báyìí, èèyàn méjì ti di apá wọn mú, ìyàwó Alága ti ń ti ẹ̀yìn wọn. Màmá ò kọ̀ ọ́ o, kí n má parọ́. Àwọn fúnra wọn ló ń sọ fún gbogbo àdúgbò pé àwọn ọmọ àwọn kì í jẹ́ kí àwọn fọwọ́ kan omi. Alága wá wo Tísà tó fọwọ́ sẹ́yìn yìí títí, ó wọ aṣọ ìlọsíta, ó gba ilé ìwòsàn lọ fẹjọ́ sùn. Ó ní ọ̀lẹ ni wọ́n rán sí wa, pé iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún un, Màmá ló ń bá a ṣe é. Èmi náà tẹ̀ lé e, mo ń mi orí bí alángbá. Wọ́n ní kí Tísà dáwọ́ iṣẹ́ dúró ná.

Ó dúró lóòótọ́. Ẹsẹ̀ Màmá náà dúró. A wá ń gbé wọn, à ń gbé wọn sọ̀, à ń dúró tì wọ́n nínú tọ́ílẹ́ẹ̀tì bí ọlọ́pàá, títí wọn ò fi lè dìde mọ́. Alága bá pèpàdé. Ó ní Màmá ò lè dá gbé mọ́, pé ó ti kun yàrá kan nílé òun, ó ti gbé tẹlifíṣọ̀n ńlá kọjú sí bẹ́ẹ̀dì, Màmá ò ní nílò àtidìde láé. Ó sọ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín.

Ìgbà tí mo ń wẹ̀ fún wọn ni wọ́n di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní, “Bí mo bá kúrò nílé yìí, mi ò ní padà síbẹ̀ mọ́. Ìwọ náà mọ̀.” Wọn ò sunkún. Ká ní wọ́n sunkún ni, ìbá rọ̀ mí lọ́rùn. Èmi ni mo lọ sunkún níbi tí mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, lẹ́yìn náà mo pe ilé ìwòsàn, mo bẹ̀ wọ́n kí Tísà padà wá.

Bí Alága bá ti ń lọ sí ọ́fíìsì, Tísà á máa wọlé. Ọjọ́ àkọ́kọ́, kò tilẹ̀ kí mi dáadáa, ó ní kí n lọ jókòó lé ọwọ́ ara mi. Mo jókòó lé e. Ìyá Ìbejì, kò sí iṣẹ́ tó le tó o. Màmá á gbé ìdí, wọ́n á tún padà jókòó, èmi á máa jẹ ètè mi. Tísà mú ẹnì kan wá tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ nìkan ló ń tọ́jú. Onítọ̀hún bọ́ ìbọ̀sẹ̀ Màmá, èékánná ti wọ inú ẹran. Gbogbo ìfẹ́ tí a ní yìí, ẹnikẹ́ni nínú wa kò wo abẹ́ ìbọ̀sẹ̀ tí à ń fi ọwọ́ ara wa wọ̀ fún wọn. Ojú tì mí gan-an.

Nígbà tó yá, Alága gbé mọ́tò dé láti wá mú Màmá lọ sílé rẹ̀, òun pẹ̀lú tìmùtìmù méjì, ìyàwó rẹ̀, àti ọ̀rọ̀ ìdágbére tó ti kọ sínú ìwé. Ó bá Tísà àti Káfíńtà ní pálọ̀. Mo ní èmi ni mo pè wọ́n. Ojú tó fi wò mí, jẹ́ ká fi sílẹ̀. Káfíńtà ní, “Màmá, kí ni ẹ̀yin fẹ́ máa dá ṣe?” Alága dáhùn. Káfíńtà tún béèrè. Ìyàwó Alága dáhùn. Káfíńtà rọra tún un béèrè, ó sì ń wo ojú Màmá nìkan.

Màmá ní, “Mo fẹ́ wọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì, kí n sì ti ilẹ̀kùn.”

Alága rẹ́rìn-ín. Ó ní ta ló máa gbé wọn débẹ̀? Màmá sún síwájú lórí àga. Wọ́n fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Wọ́n gbé ìdí, wọ́n padà jókòó gbì. Alága ní, “Ẹ ò rí nǹkan!” Ó dìde, Tísà sì lọ dúró sáàárín àwọn méjèèjì. Màmá mí kanlẹ̀, wọ́n tún gbé ìdí. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n dìde. Wọ́n di irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n fi ń rìn mú, wọ́n gba iwájú gbogbo wa kọjá, wọ́n wọlé, wọ́n pa ilẹ̀kùn dé. A gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ yí.

Alága ti dé ẹnu ilẹ̀kùn. “Màmá, ṣé kò sí wàhálà o?” Ó kan ilẹ̀kùn. “Màmá, ẹ dáhùn!”

Ohùn Màmá jáde wá, ó le koko. “Èmi ni mo kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń jókòó síbí. Lọ jókòó ní pálọ̀.”

Ó lọ jókòó. Nígbà tí mo sìn ín dé ìdí mọ́tò, ó gbé tìmùtìmù méjèèjì dání, ó ní ṣé mo mọ̀ pé òun fẹ́ràn Màmá. Mo ní mo mọ̀. Mi ò fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ọ̀rẹ́ mi, àánú rẹ̀ ṣe mí.

Má rò pé ara Màmá ti dá ṣáṣá o. Èmi ni mo ṣì ń bá wọn fọ ẹ̀yìn, àwọn ọjọ́ kan sì wà tí ẹsẹ̀ ò gbà. Ṣùgbọ́n ilé wọn ni wọ́n wà. Nítorí náà, jẹ́ kí àwọn èèyàn yẹn wá bá Bàbá rẹ, má sì fẹjọ́ wọn sùn bí o bá rí i tí wọ́n fọwọ́ sẹ́yìn. Kí o tó lọ mú Bàbá, bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́. Bi àwọn nìkan, kí o sì dákẹ́ títí wọ́n á fi dáhùn, bó ti wù kó pẹ́ tó.

Bá mi kí Bàbá, kí o bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì fa àwọn ìbejì létí díẹ̀díẹ̀ fún mi. Màmá ń pè mí. Wọn ò fẹ́ kí n wá gbé wọn, wọ́n ní kí n yà kúrò lọ́nà.

Tìrẹ ni mo ṣì jẹ́,
Ẹnu-Ò-Sinmi.