Ọkùnrin Tó Fẹ́ Mọ Oríkì Rẹ

Kabirat ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùmù. Ṣé àlàáfíà lo wà ní Kétu? Ara tiwa náà le, ewúrẹ́ dúdú ti bí ìbejì, orúnkún bàbá rẹ sì ti ń gbóògùn díẹ̀díẹ̀. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ wa níhìn-ín kò ní tòògbé lórí rẹ lọ́hùn-ún.

Ọmọ mi, orí mi wú o. Àbúrò rẹ Roqeeb, tó yà kí ọ ní ọ́fíìsì yín ní Ìkòsì, ti ròyìn rẹ fún wa. Ó ní ìwọ lò ń ṣètò bí gbogbo òṣìṣẹ́ ṣe ń wọ inú kọ̀ǹpútà, pé kálukú ló ní ọ̀rọ̀ àṣírí tirẹ̀, àti pé ẹni tó bá ṣì í sọ lẹ́ẹ̀mẹta, ìwọ lo ti pàṣẹ kí kọ̀ǹpútà tì í mọ́ta. Ó ní ọ̀gá yín fúnra rẹ̀, tó ń gbé Magodo, ṣì í níṣojú òun, ló bá dúró tì ọ́ tó ń bẹ̀ ọ́. Mo ní kí Roqeeb tún un sọ kí ará ilé kejì lè gbọ́. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, bí o bá ń ṣílẹ̀kùn fún àgbàlagbà, máa kúnlẹ̀.

Kọ̀ǹpútà yín tilẹ̀ ní ẹ̀kọ́ ilé. Mo rántí pé o sọ nígbà Iléyá pé ó bi ọ́ ní oríkì rẹ, pé bí o bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ, oríkì yẹn ló máa fi dá ọ mọ̀. Inú mi dùn pé ó fẹ́ mọ irú ọmọ tó ń bá ṣiṣẹ́.

Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé gan-an nìyí. Lọ́jọ́ ọjà tó kọjá, ọkùnrin kan pè mí lórí fóònù, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. Ó ní ọ́fíìsì kan náà lẹ jọ wà, ó ní kọ̀ǹpútà ti tì ọ́ mọ́ta, ẹkún lo sì ń sun, wọn ó dá ọ dúró lẹ́nu iṣẹ́ bí òun kò bá tètè mọ oríkì rẹ. Mo rẹ́rìn-ín. Ìwọ tó ń ti ọ̀gá mọ́ta, ta ni yóò ti ìwọ? Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìyàwó ló gbé e dé, ìtìjú ni kò jẹ́ kó là á. Àmọ́ ìwọ nìkan ni mo bí lóbìnrin, n kò lè fi oríkì rẹ lé ẹni tí n kò rí lójú lọ́wọ́.

Mo ní kó sọ agboolé bàbá rẹ̀ fún mi, ó ní kí n jẹ́ kí òun fún mi ní àdírẹ́sì ọ́fíìsì. Mo bi í léèrè ìlú ìyá rẹ̀, ó ní àsìkò ń lọ, mo ní sùúrù ni baba ìwà. Mo bi í pé ta ni alárinà yín, ó ní kí ló ń jẹ́ alárinà. Ẹ̀ẹ̀mẹta nìyẹn! Mo ní mo ti tì í mọ́ta bí ọmọ mi ṣe máa ń ṣe, kó lọ kó àwọn àgbà ilé wọn wá. Ló bá jágbe mọ́ mi, ó pa fóònù. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbálẹ̀ iwájú ilé, n kò rí ẹnikẹ́ni. Ìkánjú rẹ̀ ń bà mí lẹ́rù o, Kabirat, ṣé kò sí nǹkan kan nílẹ̀? Bí o bá fẹ́ràn rẹ̀, n kò lòdì sí i, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ lọ mọ agboolé bàbá rẹ̀ ná.

Jọ̀ọ́, fi owó káàdì ránṣẹ́, orí wíwá ọmọkùnrin yẹn ni tèmi tán sí, nọ́ńbà rẹ̀ kò sì lọ mọ́. Fi ti oògùn bàbá rẹ kún un. Ilẹ̀kùn ayọ̀ kò ní tì mọ́ ọ, ẹni ibi kò ní mọ ọ̀nà ilé rẹ.

Má bínú pé n kò kì ọ́ nínú lẹ́tà yìí bí mo ṣe máa ń ṣe. Muideen tó ń fi mọ́tò kó tòmátò wá sí Mile 12 ni mo fi rán, kò tíì gbéyàwó, ó sì mọ̀wé kà. Bí o bá délé, wá kúnlẹ̀ níwájú mi, etí rẹ nìkan ni n ó kì ọ́ sí.

Èmi ni ìyá rẹ.