Èmi Ni Mo Dùbúlẹ̀ Lórí Ẹní

Lákọ̀wé,
Oṣù Kẹta, 1976.

Làtífátù ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ìwé yunifásítì yẹn ò ni ọ́ lára jù? Àwa ń bẹ láyé, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run Ọba, kò ní jẹ́ ká gbọ́ aburú rẹ, àmín.

Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. O mọ̀ pé láti ìgbà tí ọ̀sà ti gbé Ràṣídì àbúrò rẹ lọ, kò bá èèyàn sọ̀rọ̀ mọ́. Òkú ọ̀fọ̀ ni, a kì í dárúkọ irú wọn nílé, èmi náà sì pa ẹnu mi mọ́ bí ọkùnrin. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ò lọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́, ó ń rù, ẹ̀rù sì ń bà mí kí n má lọ pàdánù òun náà.

Mo wá rántí àlàyé tó o ṣe nígbà Iléyá, pé àwọn tó ń kọ́ sàìkọ́lọ́jì pín sí oríṣiríṣi, kálukú ló ní bó ṣe ń wo ọkàn èèyàn. O ní àwọn kan ò bìkítà fún inú, ìṣe nìkan ni wọ́n ń wò, wọ́n ń fi agogo àti oúnjẹ kọ́ ajá. Mo tú agogo kẹ̀kẹ́ mi, mo ń lù ú kí n tó gbé ẹ̀kọ àti ẹja síwájú ìyá rẹ. Làtífátù, ewúrẹ́ Odùbánjọ aládùúgbò wa nìkan ló ń sáré wá! Ìyá rẹ kàn ń wò mí bí ẹni pé orí mi ti dàrú.

Ni mo bá mú ti àwọn tó ní ohun tá a bò mọ́nú ló ń dà wá láàmú, àwọn tí ẹnì kan máa ń dùbúlẹ̀, tí ẹnì kejì á jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Dókítà ni mo mọ̀ pé á dùbúlẹ̀, torí iṣẹ́ ọpọlọ a máa rẹni. Mo tẹ́ ẹní, mo dùbúlẹ̀, mo ní kí ìyá rẹ jókòó sẹ́yìn mi kó máa sọ̀rọ̀. Kò fọhùn. Mo ní dókítà ò lè dákẹ́ bí odi, ni mo bá ń sọ ti àwọ̀n tó ya, ti ẹja tí ò jẹ, àfi bí ẹnu mi ṣe dárúkọ Ràṣídì. Háà! Ẹkún gbé mi, èmi Àkànbí, mo sunkún bí ọmọ ọwọ́.

Ìyá rẹ náà bú sẹ́kún, ó sì fọhùn. Ó ní òun rò pé mo ti gbàgbé ọmọ náà ni, pé òun nìkan ló kù tó mọ̀ pé a bí i rí.

Ó ti ń jẹun báyìí. Jọ̀ọ́, bi àwọn olùkọ́ rẹ pé ìlànà ta ni èyí, kí n má bàa ṣì í ṣe. Bówó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí ìyá rẹ fi wọkọ̀, ó fẹ́ wá jókòó tì ọ́ kẹ́ ẹ jọ sọ̀rọ̀ Ràṣídì.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ. Ojú wa ò ní ríbi lára rẹ. Ìwọ lo máa sin wá, a ò tún ní sin ọmọ mọ́.

Èmi bàbá rẹ,
Àkànbí