Lẹ́tà Mẹ́jọ Tí Mo Dé Mọ́ Inú Ike Omi

Ọmọ mi àtàtà, àkọ́bí mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ bó ṣe yẹ, ṣé ọ̀gá rẹ kì í jágbe mọ́ ọ? Àwa náà wà ńlẹ̀, a dúpẹ́. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ mi nílé á máa bá mi ṣọ́ ọ lọ́hùn-ún, kò ní gbójú kúrò lára rẹ. Ìyá rẹ ń kí ọ. Orúnkún tó ń dùn ún ti ń san, ẹnu rẹ̀ nìkan ni kò tíì sinmi. Ewúrẹ́ funfun yẹn ti bímọ méjì, igi ẹ̀yìn yàrá rẹ sì ti ga ju òrùlé lọ.

Èmi fúnra mi ni mo jókòó kọ lẹ́tà yìí o, mi ò bẹ olùkọ́ kankan kó bá mi kọ ọ́. Ìwé kẹta péré ni mo kà, ṣùgbọ́n wo bí ìlà mi ṣe dúró ṣánṣán. Àwọn tó kàwé jù mí lọ wà ládùúgbò yìí tí wọn ò lè kọ ìlà méjì kí ó má wọ́. Bí o bá rí ibi tí íńkì ti tàn kálẹ̀, òógùn ni, kì í ṣe nǹkan mìíràn.

Ó ti pé oṣù mẹ́fà tí mo ti ń kọ lẹ́tà sí ọ, o ò fèsì ẹyọ kan. Inú bí mi. Mo sọ fún ìyá rẹ pé ọmọ yìí ti di ẹni ńlá, kò ka baba rẹ̀ sí mọ́. Ìyá rẹ ní lẹ́tà wo, pé òun ò rí kí n ra sítáǹbù rí. Mo ní kó má dá sí i. Àṣé ẹ̀bi rẹ kọ́. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́ fún ọ.

Ọmọbìnrin kan wà tó máa ń gun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wá síbí ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ láti wá kó òfìfo ike omi. Oníwọ̀n là ń pè é, nítorí òṣùwọ̀n tó ń gbé kọ́ ara kẹ̀kẹ́ náà. Bó bá wọn ike rẹ tán, á fún ọ ní ọṣẹ. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé, ó ní kí n kọ fọ́ọ̀mù. Wọ́n béèrè iye èèyàn tó ń gbé inú ilé, mo kọ mẹ́ta. Ó ní ẹni kẹta ńkọ́, mo dárúkọ rẹ, ìyá rẹ ní ṣebí ìgboro lò ń gbé, mo ní bẹ́ẹ̀dì rẹ ń gbé ibí. Wọ́n tún béèrè irú pàǹtí tó wà nílé wa. Ọmọ mi, ṣé irú ìbéèrè tí wọ́n ń bi àgbàlagbà nìyẹn? Mo kọ ọ́ gàdàgbà pé kò sí pàǹtí nílé mi, ìyàwó mi ń gbálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Wọ́n wá fún wa ní korobá méjì tó ní ìdérí, wọ́n ní ọ̀kan wà fún ohun tó ń jẹrà, èkejì fún ohun tí kì í jẹrà. Korobá yẹn ti dára jù fún irú ìyẹn. Ìyá rẹ kó aṣọ ìjáde rẹ̀ sínú ọ̀kan, èmi sì gbé èkejì lọ sí ṣọ́ọ̀bù, òun ni mo jókòó lé báyìí.

Oníwọ̀n wá ṣàlàyé fún gbogbo wa pé ike kì í kú. Ó ní wọ́n ń kó o lọ sí ilé iṣẹ́ ńlá kan nígboro, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á yọ́ ọ, wọ́n á fà á di òwú, òwú á di aṣọ. Gbogbo èèyàn la ẹnu sílẹ̀. Èmi ò la ẹnu. Mo ní ilé iṣẹ́ ọmọ mi nìyẹn, ọwọ́ ọmọ mi ni gbogbo rẹ̀ ń gbà kọjá. Mo sì là á yé wọn pé kí wọ́n má pè é ní nǹkan tuntun. Ta ló kọ́kọ́ sọ àlòkù di tuntun ládùúgbò yìí bí kò ṣe èmi? Táyà tí àwọn dírẹ́bà bá jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, èmi ni mo máa ń gé e di bàtà, èmi ni mo máa ń gé e di ìfami kànga, ọdún kẹrìnlélọ́gbọ̀n rèé. Ọ̀bẹ kan ṣoṣo ni mo fi kọ́ ilé tí wọ́n bí ọ sí. Bàtà mi kì í gbó, àwọn oníbàárà ló ń gbó. Mo ti sin mẹ́ta nínú wọn tí bàtà wọn ṣì ń rìn.

Bí mo ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ọgbọ́n kan sọ sí mi lórí. Bí gbogbo ike àdúgbò yìí bá ń dé ọ̀dọ̀ rẹ, kí ni mo fẹ́ fi sítáǹbù ṣe? Mo kọ lẹ́tà, mo ká a róbótó, mo tì í sínú ike omi, mo dé e pinpin, mo fi òwú pupa tí mo fi ń rán bàtà so ó lọ́rùn kí o lè dá a mọ̀, mo jù ú sínú àpò Oníwọ̀n. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni mo ṣe bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ń gé táyà, màá máa sọ sínú pé òní ló dé gáréèjì, òní ni wọ́n ń fọ̀ ọ́, òní ni ọmọ mi rí òwú pupa.

O lè ní kí ló dé tí mi ò sọ ọ́ lórí fóònù. O mọ fóònù mi. Látìgbà tó ti já sómi ló ti ń pariwo, bí o bá pè mí, gbogbo òpópónà ló ń jẹ́ ọ. Lọ́jọ́ tí o ní ọ̀fìnkìn ń yọ ọ́ lẹ́nu, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni àwọn tí mi ò mọ̀ rí fi ń bi mí pé imú rẹ ńkọ́. Ohun tí mo kọ sínú ike yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìta.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni Oníwọ̀n gbé ike mi kẹsàn-án sókè lójú gbogbo èèyàn. Ó ní àwọn ọ̀gá òun ń bínú pé ẹnì kan ládùúgbò wa ń ti ìwé mọ́ inú ike, ó sì ń ba òwú jẹ́. Kí ó tó béèrè ẹni náà, gbogbo ojú ti yí sí mi, ta ló tún ń lo òwú pupa níbí? Ó tú u, ó fa ìwé náà yọ, ó kà á sínú. Mo dúró kó rẹ́rìn-ín kí n lè bú u dáadáa. Kò rẹ́rìn-ín. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rọra sọ fún mi pé, Baba, kò sẹ́ni tó ń ṣí ike wò níbẹ̀, ẹ̀rọ ló ń lọ gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ó ní ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ nígboro, pé èyí tí òun ń kó ti wa lọ kì í tilẹ̀ ṣe ibi tí o wà. Ọmọ mi, mo gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo padà lọ jókòó lórí korobá mi.

Ẹ̀rọ ti lọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ kúnná. Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan máa wọ ọ̀rọ̀ mi káàkiri ìgboro ní ṣẹ́ẹ̀tì, kó máa làágùn sí i. Ó dára fún un. Òun kọ́ ni mò ń bẹ̀.

Ó di dandan kí n tún un sọ, mo sì ra sítáǹbù fún èyí. Lọ́jọ́ tí o wá sọ fún mi pé o ti ríṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tún pàǹtí lò, ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ ni mo dúró sí. Mo ní mi ò gé táyà títí ìka mi fi wọ́ kí ọmọ mi lè kàwé tán kó lọ máa ṣa ilẹ̀ nígboro. Mo ní bí wọ́n bá bi ọ́, má sọ pé èmi ni baba rẹ. O wò mí, o ní iṣẹ́ mi tí o ń wò láti kékeré lo fẹ́ràn, pé ibi tó ti tóbi lo kàn ń lọ. Mo kẹ̀yìn sí ọ. Ọdún mẹ́ta rèé. Owó tí o ń fi ránṣẹ́ kì í yẹ̀, o sì ń kí mi bí ẹni ń kí àlejò pàtàkì, ṣùgbọ́n o ò wá.

Mo ṣìwí, ọmọ mi. Má bínú. Kò sẹ́ni tó gbọ́ gbólóhùn yìí lẹ́nu mi rí, títí kan ìyá rẹ, òun gan-an ló sì tọ́ sí jù.

Ìwọ̀n ẹsẹ̀ rẹ tí mo máa ń fi ẹfun fà sára ògiri ṣọ́ọ̀bù wà níbẹ̀ síbẹ̀, láti èyí tó kéré bí ewé dé ti ọdún tí o lọ. Bí mo bá fẹ́ tilẹ̀kùn nírọ̀lẹ́, mo máa ń gbé àtẹ́lẹwọ́ mi lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò mọ bí ẹsẹ̀ rẹ ṣe rí mọ́. Bí ẹnì kan bá ní kí n gé bàtà fún ọ lónìí, ojú á tì mí.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Òrùlé yàrá rẹ ń jò, mo nílò páànù mẹ́rin àti ìṣó. Má rò pé ìṣẹ́ ń ṣẹ́ mi o, mo ṣì ń ta bàtà ju gbogbo wọn lọ, owó ọmọ ni mò ń béèrè. Ṣùgbọ́n má fi í sínú fóònù. Èyí tó ń gba inú fóònù wá, obìnrin oníkíósìkì ló máa ń kà á lé mi lọ́wọ́, ọwọ́ tirẹ̀ ni mò ń rí lóṣooṣù. Gbé e wá fúnra rẹ. Ọlọ́run á la ọ̀nà níwájú rẹ, ọkọ̀ tí o bá wọ̀ kò ní dákú, o ò ní pàdé ibi, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ á gbé ọ ga ju tèmi lọ, àmín.

Bí kò bá sì sí owó, máa bọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, a ó jọ gbé bẹ́ẹ̀dì náà sún sí ibi tí kò ti jò.

Èmi ni baba rẹ. Sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá bi ọ́.