Dífù Iwájú Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Pààrọ̀

Sátidé, ìrọ̀lẹ́

"Ohun tí ọwọ́ ènìyàn bá tò, ọwọ́ ènìyàn lè tú u." Ọ̀gbẹ́ni inú fídíò àtúnṣe ọkọ̀ kan ló wí bẹ́ẹ̀, èmi tíṣà àgbà sì gbà. Mo pààrọ̀ dífù iwájú jíìpù wa, ẹ̀rọ tó ń yí táyà iwájú, fúnra mi níwájú ilé.

Lónìí, ìyàwó mi kó àwọn ìyá ìjọ méjì sẹ́yìn ọkọ̀. "Ọkọ mi ló tún un ṣe o!"

A dé Toll Gate, iwájú ọkọ̀ ń lọ̀ gìrìgìrì bí ẹ̀rọ ata, ó sì dákú.

Mẹkáníìkì kan lẹ́bàá ọ̀nà wo abẹ́ ọkọ̀. "Bàbá, ṣé ẹ rọ ọ́ìlì sí dífù náà?"

Ọ́ìlì wà lójú fèrèsé nílé. N kò tíì ṣí i.

Ìyàwó mi bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú léèsì funfun, ó ń ti ọkọ̀. Ó ní fún àwọn ìyá ìjọ, "Ẹ má dá ọkọ mi lẹ́bi, èmi ni mo ní kí wọ́n yára."

Irọ́ ni. Ó bẹ̀ mí títí pé kí n pe mẹkáníìkì.

Kí ló dé tí kò bú mi?