Oníjà Ọlọ́wọ́ Òsì Inú Géèmù Tí Kò Jáde

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Lẹ́tà kan bá mi lórí kọ̀ǹpútà níbi iṣẹ́. Ẹnì kan tí mi ò mọ̀ rí. Ó ní iṣẹ́ òun ni kí òun máa kó àwọn géèmù tó ti kú jọ — ẹ gbọ́ iṣẹ́! Mo sọ ọ́ ní Hú-Òkú. Ó ń béèrè bóyá èmi ni mo ya àwọn oníjà inú géèmù Ilé Méjì, àti bóyá ẹ̀dà kankan ṣẹ́kù. Mi ò fèsì. Mo mu omi. Mo tún mu omi.

Ó ti tó ọdún mọ́kànlá! Iléeṣẹ́ géèmù méjì tí kò fẹ́ rí ara wọn sójú, wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé kí àwọn oníjà wọn pàdé nínú géèmù kan, kí wọ́n na ara wọn. Ọdún méjì la fi ṣe é. Ó ku ọjọ́ mẹ́rìndínlógún kó jáde, àwọn ọ̀gá bá dìjà lórí oníjà ta ni yóò dúró níwájú lórí páálí géèmù náà. Lórí páálí lásán! Bí wọ́n ṣe pa á nìyẹn. Wọ́n ní ká dá gbogbo àwo géèmù náà padà, ká sì buwọ́ lùwé.

Mo buwọ́ lùwé. Mo dá àwo mẹ́ta padà. Mẹ́rin ni wọ́n fún mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Àwo kẹrin ṣì wà nínú àpótí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, lábẹ́ àjákù aṣọ. Mo wò ó. Mo pa àpótí dé.

Ọjọ́bọ̀, 6

Mo yà lọ́dọ̀ Bọ̀ọ̀dá mi. Oṣù karùn-ún rèé tí rọpárọsẹ̀ ti gba apá òsì wọn. Òsì, nínú apá méjèèjì! Ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n láti kékeré. Ìyá wa lù wọ́n títí ó fi sú u. Káfíńtà tí kò lè di òòlù mú mọ́.

Ìyáàfin tó ń bá wọn na apá — Nà-án-Díẹ̀-Sí-i ni mo ń pè é — fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní apá òsì lè má bọ̀ sípò, kí wọ́n tètè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ̀tún níṣẹ́. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò ní padà sí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lẹ́ni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta. Wọ́n kọjú sógiri.

Ó dùn mí wọnú eegun.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Kí n kọ ọ́ sílẹ̀, bóyá ara á tù mí.

Bọ̀ọ̀dá ni Òòlù, oníjà tí mo fẹ́ràn jù nínú géèmù yẹn. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń ju ẹ̀ṣẹ́ níwájú aṣọ funfun ní yàrá mi, tí mò ń ká wọn sínú fídíò, tí mò ń fi yàwòrán. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bẹ̀ mí: kí n má sọ àwọn di ọlọ́wọ́ ọ̀tún. Wọ́n ní ìyá wa ti gbìyànjú ẹ̀, kò ṣeé ṣe. Mo ṣèlérí.

Irọ́ ni mo pa. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo lára oníjà là ń yà nínú irú géèmù bẹ́ẹ̀. Bí oníjà bá fò kọjá sí òdìkejì, kọ̀ǹpútà á yí àwòrán rẹ̀ padà bíi ti inú dígí — òsì á di ọ̀tún. Gbogbo àwa tó ń ṣe é la mọ̀.

Wọ́n sì ti kéde fún gbogbo àdúgbò pé àwọn ń bọ̀ nínú géèmù. Nígbà tí kò jáde, onígbàjámọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé wọn sọ wọ́n ní Ó-Ń-Bọ̀-Lọ́nà. Orúkọ náà mọ́ wọn lórí. Àwo tí ì bá gbà wọ́n wà lábẹ́ àjákù aṣọ mi, mo sì sọ fún wọn pé gbogbo ẹ̀ ti jóná. Ẹnu Bọ̀ọ̀dá kì í dákẹ́. Ẹ̀rù ìwé tí mo buwọ́ lù ń bà mí. Ojo ni mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8

Hú-Òkú tún kọ̀wé. Iléeṣẹ́ kan ti kógbá sílé, ó ní èkejì ò tiẹ̀ rántí mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ṣì ń bú ara wọn lórí oníjà tí ì bá borí, nínú géèmù tí wọn ò gbá rí! Ó fi àwòrán ogójì ránṣẹ́. Òòlù ni gbogbo ẹ̀, àwọn àjèjì ló yà á, láti ara àwòrán kan péré tó jáde nígbà náà. Ọwọ́ òsì ni gbogbo wọn fi mú òòlù.

Mo sunkún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11

Mo gbálẹ̀ yàrá kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Mi ò lè jókòó.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15

Mo gbé àwo náà àti ẹ̀rọ géèmù lọ bá Bọ̀ọ̀dá. Mo jẹ́wọ́ kí n tó tan ẹ̀rọ.

Bọ̀ọ̀dá ò wò mí. Wọ́n ní, “O sì ń gbọ́ nígbà tí wọ́n ń pè mí ní Ó-Ń-Bọ̀-Lọ́nà.”

Òòlù jáde sójú ẹ̀rọ, ó ń mi èjìká bí Bọ̀ọ̀dá ṣe máa ń mi èjìká kí wọ́n tó gbé pákó. Ìyàwó wọn ké láti ẹnu ọ̀nà pé, “Yéè, ọkọ mi rèé!” Mo di páàdì tí a fi ń darí oníjà mú. Mò ń sá kí Òòlù má bàa kọjá sí òdìkejì. Ọ̀tá fò kọjá lórí rẹ̀, wọ́n pààrọ̀ àyè. Ó di ọlọ́wọ́ ọ̀tún.

Bọ̀ọ̀dá ní kí n dúró. Wọ́n ní, “O yí ọwọ́ mi padà.”

Mo kúnlẹ̀. Wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní kó tún ju ẹ̀ṣẹ́ yẹn. Ó jù ú. Wọ́n ní ó tún kù. Lẹ́ẹ̀kẹwàá, mo gbọ́ tí bẹ́ẹ̀dì dún lẹ́yìn mi. Ọwọ́ ọ̀tún wọn ti kúrò lábẹ́ aṣọ, ó ń tẹ̀ lé ti Òòlù, wọ́n sì ń bá a wí: “Ọ̀lẹ! Gbé ìgbọ̀nwọ́ sókè!”

Wọn ò sọ pé àwọn dárí jì mí. Wọ́n ní kí n fi ẹ̀rọ sílẹ̀.

Ọjọ́rú, 19

Onígbàjámọ̀ wá gẹrun fún wọn nílé. Ó rí Òòlù. Ó gbàgbé irun sí ìdajì orí. Bọ̀ọ̀dá ò jẹ́ kó fọwọ́ kan páàdì.

Ọjọ́ Àìkú, 23

Mo bi Bọ̀ọ̀dá bóyá kí n fi àwo náà ránṣẹ́ sí Hú-Òkú. Ẹni tó bá fẹ́ mú mi, kó wá mú mi. Wọ́n ní kí n fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n kí orúkọ àwọn bá a lọ, kí n má sì fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́.

Wọ́n gba pẹ́ńsùlù pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń sàmì sí pákó. Ọwọ́ ọ̀tún. Ó gbà wọ́n tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, òógùn ń bọ́ lójú wọn, orúkọ náà sì wọ́ bí ejò. Mo nawọ́ kí n gba bébà. Wọ́n ní ó kù. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún yẹn kan náà kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ wọn:

Ọlọ́wọ́ òsì ni mí.